Láàbù rí Candida lára etí kọ́níà tó ṣẹ́kù: kí ni ká ṣe?

Nọ́ọ̀sì_Ojú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. DSAEK ni wọ́n ṣe fún aláìsàn kan, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ń lẹ awẹ́ kọ́níà òkú (awọ mímọ́ gaara iwájú ojú) mọ́ ẹ̀yìn kọ́níà aláìsàn; ó pé ọjọ́ márùn-ún lónìí. Etí kọ́níà òkú tó ṣẹ́kù, tí a fi ránṣẹ́ sí láàbù, ti hu Candida albicans, irú kòkòrò fungus kan. Ojú aláìsàn mọ́, kò pọ́n, kò sì dùn ún. Prednisolone 1%, ẹ̀kán steroid, ló ń kán lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ṣé ká bẹ̀rẹ̀ oògùn ni, àbí ká ṣì máa wò ó? Natamycin 5%, ẹ̀kán tó ń pa fungus, ló wà lọ́wọ́ wa.

Dókítà_Kọ́níà
Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Ẹ má jẹ́ kí ojú tó mọ́ yẹn tàn yín. Steroid lè bo pípọ́n àti ìrora mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Optisol-GS, omi tí wọ́n ń tọ́jú kọ́níà òkú pamọ́ sí, ní gentamicin àti streptomycin nínú. Bakitéríà nìyẹn ń pa, kò kan Candida rárá. Nínú òtútù 2–8°C, ṣe ló kàn ń sùn. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá gbé kọ́níà náà jáde kó lọ́wọ́ọ́wọ́ kí wọ́n tó gé e, ó ń ráyè bí sí i.

Àwọn kan máa ń dúró wò ó. Èmi á ní kí dókítà tó ṣe iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ oògùn, kó sì dín steroid kù, torí àárín kọ́níà tuntun àti ti tẹ́lẹ̀ ni kòkòrò náà ń sá sí. Natamycin kì í wọlé débẹ̀. Ẹ fi í pamọ́ de Fusarium, fungus mìíràn, tó bá wà lókè kọ́níà. Tí ẹ bá wò ó lábẹ́ slit lamp, ẹ̀rọ tí a fi ń wo ojú fínnífínní, tí ẹ rí àmì funfun tó dà bí ẹni fi orí abẹ́rẹ́ tọ́ ẹfun sáàárín méjèèjì, a ó fún un ní abẹ́rẹ́ voriconazole, oògùn fungus mìíràn, 50 µg nínú 0.1 ml níbẹ̀ gan-an. Tó bá ṣì ń tàn, ká yára yọ kọ́níà náà, ká fi odindi pààrọ̀ rẹ̀ kí kòkòrò náà tó wọ inú ẹyinjú.

Apoògùn
Bí ẹ ó ṣe po amphotericin B 0.15%, ẹ̀kán tó ń pa Candida tí ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀, rèé. Ìgò 50 mg, ti deoxycholate: ẹ fa omi abẹ́rẹ́ 10 ml sí i. Ẹ mú 3 ml nínú rẹ̀, ẹ fi omi abẹ́rẹ́ 7 ml lé e. Ẹ má fi omi oníyọ̀ pò ó o! Ńṣe ni yóò dì. Ó máa ń pupa rúsúrúsú, ó sì máa ń mọ́ kedere. Tó bá ti rú, ẹ dà á nù. Inú fíríìjì ni kó wà, kí iná má tàn sí i, kí ẹ kọ déètì sí i lára. Ó ń ta ojú, ẹ tètè sọ fún aláìsàn.

Nọ́ọ̀sì_Ojú
Ẹ ṣé gan-an ni. Tí ojú náà bá wá pọ́n lójijì ńkọ́?

Dókítà_Kọ́níà
Ẹ má tètè rò pé ara ló kọ kọ́níà kí ẹ wá fi steroid kún un. Ẹ wá àmì funfun yẹn ná, ẹ wò ó bóyá ọyún ti gbá jọ sísàlẹ̀ iwájú ẹyinjú. Ohun kan tún kù: ẹ pe ilé ìfojúpamọ́ (eye bank) tó fi kọ́níà náà ránṣẹ́, lónìí gan-an ni kí ẹ pè wọ́n. Òkú yẹn ní ojú kejì, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi í sójú ẹlòmíì tí dókítà rẹ̀ kò tíì gbọ́.