Tábìlì ìdánwò mi ń ba fáànù jẹ́

Ọmọ_Wẹ́dà:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ṣe ẹ̀rọ tí a ó fi mọ̀ bóyá ohun èlò ilé ààbò abẹ́ ilẹ̀ lè fara da ìjìgìjìgì tí bọ́ǹbù ń fà. Ohun tí wọ́n ní kó jẹ́ ni 15 g (ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún òòfà ilẹ̀, kì í ṣe gíráàmù), kí àyípadà eré sì jẹ́ 2 m/s. Tábìlì irin ni, ó ń já wálẹ̀ láàárín òpó méjì sórí rọ́bà tó nípọn 1 cm. Mo de fáànù tí mo fẹ́ dán wò mọ́ ọn, mo jù ú láti 50 cm. Accelerometer (ẹ̀rọ tó ń wọn bí eré ṣe ń yára yí padà tó) ka 120 g, láàárín mìlísẹ́kọ́ńdì 6. Ẹsẹ̀ fáànù kán bí igi gbígbẹ. Ṣé fáànù ni kò dáa?

Bàbá_Tábìlì:
Àbúrò, fáànù ò jẹ̀bi. Ṣírò ohun tó wà lábẹ́ ìlà tí kọ̀ǹpútà yà fún ọ: bíi 4.5 m/s ni, ìyẹn ni gbogbo àyípadà eré. Bẹ́ẹ̀, 3.1 péré lo fi kanlẹ̀. Ibo ni ìyókù ti wá? Tábìlì fò padà sókè ni! Fífò yẹn wà nínú ìṣirò. (Àpótí bátìrì mẹ́ta ni mo fọ́ kí n tó gbà.) Bí rọ́bà rẹ bá ń dá ìdajì eré padà, 9 cm ni kí o ti jù ú. Kí o tó rí 15 g, lílù náà á pẹ́ tó mìlísẹ́kọ́ńdì 21, rọ́bà á sì fún wọlé tó 1 cm. Èyí tó nípọn 1 cm, ibo ló fẹ́ fún sí? To rọ́bà tó rọ̀ lérí ara wọn. Wá bíréèkì tó máa gbá òpó mú bó bá fò, kó má tún kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá_Sípíríǹgì:
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Ṣùgbọ́n nínú ilé ààbò gan-an, orí kọnkéré ni fáànù yẹn máa jókòó àbí orí sípíríǹgì? Sípíríǹgì tó ń mì lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní sẹ́kọ́ńdì kan, 2 m/s á tì í ju 10 cm lọ. Mo ti rí i tí fáànù yè, àmọ́ tó lọ gbá páìpù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ya. Gbé páìpù àti wáyà sórí tábìlì pẹ̀lú rẹ̀, kí fáànù sì máa yí lọ́wọ́ bí o bá ń jù ú. Fi ọ̀dà pupa fa ìlà láti orí nọ́ọ̀tì bọ́ sára irin.

Ọmọ_Wẹ́dà:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo to rọ́bà mẹ́rin, mo jù ú láti 9 cm: 16 g, mìlísẹ́kọ́ńdì 20. Fáànù ń yí lọ ní tiẹ̀. Àmọ́ ìlà pupa nọ́ọ̀tì kan ò bára mu mọ́, ó ti yí díẹ̀. Màá tún un dè, màá tún un jù.