Báwo la ṣe máa dá fork dúró kó má baà pa server wa?

Ọmọ Ìbarà:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn. A ní ibi tá a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kóòdù ní Òkè-Ìlèwó níbí l'Ábẹ́òkúta, server kan ṣoṣo la ní, Linux ló wà lórí ẹ̀, oníkálukú ló sì ní akáǹtì tiẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ kan kọ lúùpù tó ń pe fork (àṣẹ tí process, ìyẹn prógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, fi ń bí process míì) láì dúró, ká tó ṣẹ́jú gbogbo ẹ̀ ti gan pa, èmi gan-an ò lè wọlé láti pa á, àfìgbà tá a yọ iná. Èyí tó tún ń dà mí láàmú ni prógíráàmù tó ń máàkì iṣẹ́ wọn: root (akáǹtì ọ̀gá tó lágbára lórí gbogbo nǹkan) ló fi ń bẹ̀rẹ̀, á fork, á yí sí akáǹtì ọmọ yẹn, á wá fi execve (àṣẹ tó ń ṣí prógíráàmù míì nínú process kan náà) ṣí kóòdù ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Akọ́dù Sápọ́n:
Ẹ fi ulimit -u 100 (kí akáǹtì kan má lè ní ju process 100 lọ) sí .bashrc gbogbo wọn, fáìlì tó máa ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá wọlé, ó parí.

Ìyá Ìbejì Ìtòkú:
Àbúrò, kò tíì parí o. Ọmọ yẹn ló ni .bashrc ẹ̀, á pa láìnì yẹn rẹ́, á jáde, á tún wọlé. Inú /etc/security/limits.d ni kí wọ́n fi í sí, kó jẹ́ hard nproc (òdiwọ̀n iye process tí akáǹtì kan lè ní, tí ọmọ yẹn ò lè gbé sókè). Àmọ́ nproc ò mú root o.

Ẹ̀gbọ́n Aṣéró:
Òótọ́ lẹ sọ mà, ṣùgbọ́n cgroup (ọ̀nà tí Linux fi ń kó process jọ kó lè fún wọn ní òdiwọ̀n) ni mo fẹ́ràn jù, pids.max inú ẹ̀ tó ń dín iye process kù, ó ti wà látìgbà Linux 4.3 ní 2015. Kernel (ọkàn Linux) á ti ka iye tó wà nílẹ̀ kó tó gbà kí process bí òmíì, tó bá ti kún, àṣìṣe EAGAIN ni fork máa gbà. Tó bá jẹ́ systemd (tó ń ṣètò àwọn iṣẹ́ lórí Linux) lẹ ń lò, ẹ ṣẹ̀dá fáìlì tó parí sí .conf sínú /etc/systemd/system/user-.slice.d/, ẹ kọ [Slice], ẹ kọ TasksMax=150 (bí systemd ṣe ń kọ pids.max) sábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣe systemctl daemon-reload. Àmọ́ tí prógíráàmù máàkì yẹn bá jẹ́ service (iṣẹ́ tí systemd ń bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀), kò sí lábẹ́ slice (cgroup) àwọn ọmọ yẹn, ẹ fún òun náà ní TasksMax tiẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ìtòkú:
Prógíráàmù máàkì yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣé ó ń yẹ ohun tí setuid (àṣẹ tó fi ń yí sí akáǹtì ọmọ) dá padà wò? Kí Linux 3.1 tó dé, tí akáǹtì bá ti kún dé nproc ẹ̀, setuid á kọ̀, prógíráàmù tí ò bá yẹ̀ ẹ́ wò á kàn máa bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú agbára root! Irú ihò yẹn ni wọ́n gbà di root lórí fóònù Android ní 2010, inú adbd, prógíráàmù tí fóònù fi ń gba àṣẹ láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà, ló wà. Ní báyìí execve ló ń yẹ nproc wò, síbẹ̀ setuid ṣì lè kọ̀ nítorí nǹkan míì, tó bá ti kọ̀ kí prógíráàmù yẹn kú síbẹ̀. Setgroups ni kó kọ́kọ́ ṣe, kó ṣe setgid (àwọn méjèèjì ló ń yí gúrúùpù), setuid ló máa gbẹ̀yìn, torí tó bá ti bọ́ agbára root sílẹ̀ kò ní lè yí gúrúùpù mọ́.

Ẹ tún wò ó, fork máa ń fún process tuntun ní gbogbo fáìlì tí process tó bí i ti ṣí sílẹ̀. Tí root bá ti ṣí fáìlì ìdáhùn kó tó fork, kóòdù ọmọ yẹn á kà á láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnì kankan, torí ìgbà tí wọ́n ń ṣí i ni kernel ń wo pámíṣọ̀n, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ń kà á. Ẹ fi O_CLOEXEC ṣí gbogbo wọn, execve á pa á dé.

Ẹ̀gbọ́n Aṣéró:
Kẹ́ ẹ sì fi PR_SET_NO_NEW_PRIVS ṣáájú execve. Tó bá ti wà lára process, sudo (àṣẹ tó ń yáni ní agbára root) tàbí fáìlì setuid (tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú agbára ẹni tó ni ín) èyíkéyìí ò lè fún un lágbára kún èyí tó ní, ó sì máa ń bá àwọn process tó bá bí lọ, wọn ò lè yọ ọ́.

Ọmọ Ìbarà:
Ẹ ṣeun gan-an ni, mà, ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n. Ṣé no_new_privs ò ní dí sudo tèmi lọ́wọ́ tí mo bá gba ssh wọlé?

Ẹ̀gbọ́n Aṣéró:
Rárá o, process tẹ́ ẹ fi sí àtàwọn èyí tó bá bí nìkan ló mú. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ fi MemoryMax (òdiwọ̀n RAM) kún un, torí process kan ṣoṣo tó ń jẹ RAM lè pa server yẹn láì fork rárá.