Ìsọdọ̀tun kọ́, ìmúbọ̀sípò ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó fi túmọ̀ "restoration" la jọ ń wá.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ dábàá "ìsọdọ̀tun" fún iṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ojú irin, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ́ńjìnnì tàbí kọ́ọ̀ṣì (èyí tí èrò ń jókòó sí) tó ti dípẹtà là. Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ yẹn kò bá iṣẹ́ náà mu. Ẹni tó sọ nǹkan dọ̀tun ti mú ogbó kúrò lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ogbó yẹn gan-an ni àwọn wọ̀nyí ń ṣọ́. Bí pákó kan bá jẹrà lára kọ́ọ̀ṣì, ibi tó jẹrà ni wọ́n á gé, wọ́n á fi irú igi kan náà dí i, wọ́n á sì fi ìyókù sílẹ̀ pẹ̀lú àpá ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà àkọ́kọ́. Wọ́n á kọ ohun tí wọ́n pààrọ̀ sílẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa pe tuntun ní ògbólógbòó.

"Àtúnṣe" gbòòrò jù. Bàtà tó já náà ń gba àtúnṣe. "Ìjídìde" tí àwọn kan mú wá wù mí gan-an. Ní Barry, ní Wales, 213 ẹ́ńjìnnì ni wọ́n rà kúrò lọ́gbà tí wọ́n ti ń gé àlòpatì irin, òmíràn sì ti lo ohun tó lé ní 20 ọdún nínú afẹ́fẹ́ òkun. Bí omi bá tún hó nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, tí fèrè rẹ̀ dún, ó jí dìde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀ṣì tí yóò dúró sójú kan títí láé nínú gbọ̀ngàn ńkọ́? Ìyẹn kò jí.

"Ìmúbọ̀sípò" ni mo fara mọ́, nítorí ó ń fipá mú wa bèèrè pé: ipò wo? Ẹ wo Flying Scotsman, gbajúmọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1923 ni wọ́n kàn án, àwọ̀ ewé fífúyẹ́ àti nọ́ńbà 4472 ló sì sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Nígbà tó padà sójú irin ní 2016, àwọ̀ ewé tó dúdú díẹ̀ ló wọ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ 60103. Kì í ṣe àṣìṣe. Pátákó tó ń darí èéfín, tí wọ́n so mọ́ ọn ní 1961, ṣì wà lára rẹ̀. Àwọ̀ ìgbà èwe rẹ̀ kò bá ara yẹn mu mọ́. Ipò méjì ni, wọ́n sì ní láti mú ọ̀kan. "Ìsọdọ̀tun" kò lè bi wá ní ìbéèrè yẹn láéláé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pa "òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́" tì pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí orúkọ fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí láìgbowó. Owó nìkan ni orúkọ yẹn ń rò. Láti 1951 tí àwọn èèyàn ti ń yọ̀ǹda ara wọn kí ojú irin Talyllyn ní Wales má bàa kú, ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ wágọ́ọ̀nù (èyí tó ń kó ẹrù) lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, tó ń ha ìpẹtà, inú àti ẹ̀dọ̀ ló fi ń ṣe é. Èdè wa ti ní orúkọ rẹ̀ nílẹ̀: afínnúfíndọ̀ṣiṣẹ́.

Èyí tó ṣì le ni orúkọ kan ṣoṣo tí yóò kó ẹ́ńjìnnì, kọ́ọ̀ṣì àti wágọ́ọ̀nù pọ̀. "Ọkọ̀ ojú irin" kò tó, torí ìgbà tí wọ́n bá so kọ́ra tí wọ́n ń lọ la ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n bí a ti ń sọ pé ẹsẹ̀ mọ́tò, mo mú "ẹlẹ́sẹ̀ irin" wá. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.