Ẹ̀yin tí ẹ ní igbó ìpamọ́, kí ni ẹ bá ti kọ́kọ́ ṣe kí ẹ tó kọ ètò ìṣàkóso rẹ̀?

Onígbó Tuntun:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ó ti pé ọdún kan báyìí tí igbó kan tí ó tó hẹ́kítà 120 ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo sì fẹ́ kí ó máa jẹ́ igbó títí. Apá kan rẹ̀ jẹ́ igbó kìjikìji tí a kò fọwọ́ kàn. Apá kan ti di pápá koríko nítorí pé wọ́n ti da ẹran níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Odò kékeré kan sì la àárín rẹ̀ kọjá. Mo ti jókòó láti kọ ètò ìṣàkóso ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo bá kọ ni mo ń pa rẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí fún mi.

Ẹsẹ̀ Odò:
Ààlà ni. Ẹ rin ààlà yín kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Àgbà Aṣọ́gbó:
Òótọ́ ni Ẹsẹ̀ Odò sọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá nìkan rìn ín. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo gba awọnlẹ̀, ó fi GPS wọn ilẹ̀ náà, ó ri òpó mọ́lẹ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tó oṣù mẹ́ta tí mo rí i pé wọ́n ti hú mẹ́rin nínú àwọn òpó náà. Inú bí mi gidigidi. Mo lọ bá ìdílé tí oko wọn bá igbó mi pààlà; ìyá àgbàlagbà kan fà mí lọ́wọ́ lọ sí ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́ kan, ó fi àpá àdá àtijọ́ kan hàn mí tí èèpo igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò tán, ó ní: “Ibí ni bàbá ọkọ mi àti ẹni tí ó ni ilẹ̀ yín nígbà náà jọ fi àdá sàmì sí. Kí ló dé tí ẹ kò bi wá?” Òpó mi ti wọ inú ilẹ̀ wọn ní mítà 18. Mo bẹ̀ wọ́n, a jọ tún ààlà náà rìn fún ọjọ́ méjì, a sì jọ ri àwọn òpó náà padà. Láti ìgbà náà, ọmọ ìyá yẹn ni ó máa ń pè mí tí ó bá gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì ìgégi nínú igbó. Nínú ètò tí mo kọ lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò ni orí kìíní. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹranko ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀lé e.

Ewé Tútù:
“Kí ló dé tí ẹ kò bi wá?” Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Èmi náà kò bi ẹnikẹ́ni.

Alágbìn:
Ní tèmi o, igi ni mo kọ́kọ́ gbìn, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀. Mo gbin igi 3,000 sínú pápá koríko lọ́dún kan. Koríko yí wọn ká, ẹ̀rùn dé, iná sì jó wọn tán ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí mo ń rìn kiri nínú eérú ni mo dé ìdí igi kan tí àwọn darandaran fi sílẹ̀ fún ìbòòji, tí koríko kò sí lábẹ́ rẹ̀, tí iná kò sì dé ibẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ka àwọn igi lálẹ̀hù tí ó wà níbẹ̀: 41 ni wọ́n, oríṣi mẹ́sàn-án, kò sì sí ẹni tí ó gbin ọ̀kan nínú wọn. Ẹyẹ àti àdán ni wọ́n ń bà sórí igi náà, tí wọ́n sì ń yàgbẹ́ irúgbìn sílẹ̀. Láti ìgbà náà, n kò gbin igi mọ́ níbi tí igbó kò bá ti jìnnà. Mo ń ri igi gbígbẹ ẹlẹ́ka mọ́ inú koríko kí ẹyẹ lè rí ibi bà sí, mo ń ṣán koríko kúrò lára àwọn lálẹ̀hù, mo sì ń ha ọ̀nà gbòòrò yí pápá náà ká kí iná má baà ré e kọjá.

Onígbó Tuntun:
Ṣé koríko nìkan ni ó ń dí igbó lọ́wọ́ láti padà ni?

Alágbìn:
Òun ni ó burú jù. Ó ń bo irúgbìn mọ́lẹ̀, ó ń bá wọn du omi, ó sì ń gbé iná. Ní Guanacaste, ní orílẹ̀-èdè Costa Rica, wọ́n da èèpo ọsàn tí ó tó 12,000 tọ́ọ̀nù sórí ilẹ̀ pápá kan ní ìparí àwọn ọdún 1990. Èèpo náà pa koríko, ó sì sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ padà lọ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 16 lẹ́yìn náà, igbó ti bo ibẹ̀ débi pé wọn kò tètè rí pátákó tí wọ́n fi sàmì sí i.

Ọ̀nà Ọ̀bọ:
Kí ọ̀rọ̀ koríko má mú wa gbàgbé ìtàkùn. Wọ́n sọ fún mi pé ìtàkùn ń pa igi, mo sì kọ ọ́ sínú ètò mi pé kí a gé gbogbo ìtàkùn tí ó wà nínú hẹ́kítà mẹ́rin létí ọ̀nà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí a gé wọn, mo wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀ nígbà tí agbo ọ̀bọ tí ó máa ń gba ibẹ̀ kọjá dé. Wọ́n dúró sórí igi tí ó gbẹ̀yìn. Ìtàkùn tí wọ́n máa ń tọ̀ ti gbẹ, ó ti já. Ìyá kan tí ó gbé ọmọ mọ́ àyà wo iwájú, ó wo ìsàlẹ̀, ó padà sẹ́yìn, ó tún wá. Nígbà tí ó pẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì sáré gba orí ilẹ̀ kọjá. Láti ọdún márùn-ún tí mo ti ń wò wọ́n, n kò rí i kí ọ̀kan nínú wọn fẹsẹ̀ kanlẹ̀ rí. Ní oṣù kejì, ibẹ̀ gan-an ni kámẹ́rà wa ti ya àwòrán ajá ọdẹ.

Ewé Tútù:
Áà! Ìyá ọlọ́mọ.

Alágbìn:
Ó dùn mí láti gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n n kò lè gbà pé kí a fi ìtàkùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Panama, níbi tí wọ́n ti gé ìtàkùn kúrò ní apá kan igbó tí ó ń tún hù, tí wọ́n sì fi wé apá tí wọn kò gé, wọ́n rí i pé ìtàkùn ń dín kábọ́ọ̀nù tí igbó náà ń fà láti inú afẹ́fẹ́ kó jọ sínú igi lọ́dọọdún kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ọ̀nà Ọ̀bọ:
Kì í ṣe kábọ́ọ̀nù nìkan ni mo ń tọ́jú. Nígbà tí èso igi bá wọ́n lákòókò ẹ̀rùn, ewé àti òdòdó ìtàkùn wà lára ohun tí àwọn ọ̀bọ ń jẹ.

Àgbà Aṣọ́gbó:
Ẹ̀yin méjèèjì, ibi tí ìtàkùn náà wà ni kí a kọ́kọ́ wò. Láti ọdún 1979 ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí nítòsí Manaus, ní Bràsíl, lórí àwọn igbó tí wọ́n gé sí ẹyọ hẹ́kítà 1, 10 àti 100. Ohun tí wọ́n rí ni pé ní etí igbó, pàápàá láàárín nǹkan bí mítà 100 sí etí, atẹ́gùn àti oòrùn ń wọlé, àwọn igi ńlá ń yára kú, ìtàkùn sì ń pọ̀ sí i. Etí ni àìsàn náà, ìtàkùn ni àmì rẹ̀. Nínú igbó mi, a ń gé ìtàkùn kúrò lára àwọn ọ̀dọ́ igi tí a ti fi ọ̀dà sàmì sí ní etí nìkan. Àárín igbó, a kò fọwọ́ kàn án, a kò sì la ọ̀nà tuntun gba ibẹ̀, nítorí pé ọ̀nà gbòòrò náà etí ni.

Ewé Tútù:
Ọ̀rọ̀ tí ó ń jẹ mí lọ́kàn yàtọ̀. Lẹ́yìn ikú ẹni tí ó ni igbó ńkọ́? Ètò ọdún márùn-ún kò lè dá ẹni tí ó fẹ́ tà á dúró.

Ẹsẹ̀ Odò:
Ní Bràsíl, láti ọdún 1990 ni òfin ti fún onílẹ̀ láyè láti sọ ilẹ̀ rẹ̀ di igbó ìpamọ́ àdáni. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ ọ́ mọ́ ìwé ilẹ̀ náà pé igbó ìpamọ́ ni yóò máa jẹ́ títí láé, yálà wọ́n tà á tàbí wọ́n jogún rẹ̀.

Alágbìn:
Ṣé ó tọ́ kí n di ọwọ́ àwọn ọmọ mi kí n tó kú? Ẹ wo Costa Rica, níbi tí òfin ọdún 1996 ti jẹ́ kí wọ́n máa sanwó fún onílẹ̀ tí ó bá tọ́jú igbó rẹ̀. Ìyẹn ń fún ọmọ ní ìdí láti fẹ́ igbó náà.

Ewé Tútù:
Bí owó náà bá dáwọ́ dúró ńkọ́? Èmi yóò kọ ọ́ mọ́ ìwé ilẹ̀. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi, ọ̀kan sì ń bínú sí mi di òní.

Onígbó Tuntun:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti pa gbogbo ohun tí mo kọ nípa igi gbígbìn rẹ́. Mo ránṣẹ́ sí àwọn ìdílé méjèèjì tí ilẹ̀ wọn wà lókè odò lánàá. Wọ́n ní kí n wá ní ọ̀la, kí a jọ rin ààlà.

Ẹsẹ̀ Odò:
Ẹ jẹ́ kí àwọn ni wọ́n máa ṣáájú.