Láptọ̀ọ̀pù tokunbo tí update rẹ̀ wà ní títì: ohun tí à ń bá pàdé l'Ákùúrẹ́

Ẹlẹ́rọ Arákàlẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Tokunbo ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ni ín á wọ Windows Update, á bá a pé àwọn bọ́tìnì ibẹ̀ ti ṣá, kò ṣe é tẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Some settings are managed by your organization". Organization wo? Ṣebí owó ara rẹ̀ ló fi rà á. Iléeṣẹ́ tó kọ́kọ́ lò ó lókè òkun ló fi àṣẹ sílẹ̀ nínú rẹ̀, ẹni tó tà á kò sì pa á rẹ́.

Ẹ má tíì sáré fọ́ọ̀mátì. Ẹ kọ́kọ́ wo irú àṣẹ tó jẹ́. Lórí Windows 11: Settings, Windows Update, Advanced options, Configured update policies. Lórí Windows 10, ẹ tẹ "View configured update policies" lójú ewé Windows Update. Ẹ wo iwájú Type. Bó bá jẹ́ Group Policy, inú kọ̀ǹpútà yẹn gan-an ni àṣẹ wà, ẹ lè tú u fúnra yín. Bó bá jẹ́ Mobile Device Management, iléeṣẹ́ ló ń darí rẹ̀ láti òkèèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ sì lè kọjá ṣọ́ọ̀bù.

Fún Group Policy lórí Windows Pro: ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ gpedit.msc, ẹ wá lọ sí Computer Configuration, Administrative Templates, Windows Components, Windows Update. Gbogbo èyí tí wọ́n bá kọ Enabled tàbí Disabled síwájú rẹ̀, ẹ dá a padà sí Not Configured. "Configure Automatic Updates" ni ojú máa ń kọ́kọ́ rí, àmọ́ "Specify intranet Microsoft update service location" ló ń dààmú èèyàn jù. Òun ló ń darí kọ̀ǹpútà sí sáfà iléeṣẹ́ àkọ́kọ́, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń pín update níbẹ̀. Láti Akúrẹ́ níbí, kò lè rí sáfà yẹn láéláé, àṣìṣe 0x8024402C ni yóò sì máa gbé jáde. Àwọn kan á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, wọ́n á máa pààrọ̀ síìmù kiri.

Ọmọ South Gate:
Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ẹ bá wọn sọ ọ́ pé Windows Home kò ní gpedit. Registry, ibi tí Windows ń tọ́jú ètò rẹ̀ sí, lẹ máa wọ̀: regedit, HKEY_LOCAL_MACHINE, SOFTWARE, Policies, Microsoft, Windows, WindowsUpdate. Ẹ fi ọ̀tún mouse tẹ WindowsUpdate, ẹ yan Export, ẹ tọ́jú fáìlì yẹn sórí flash kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkankan. Bí ẹ bá ṣí AU tó wà nínú rẹ̀, ẹ lè rí NoAutoUpdate tàbí UseWUServer tó jẹ́ 1, àṣẹ tó tì í nìyẹn. Ẹ wá pa fódà WindowsUpdate yẹn rẹ́. Òun nìkan o, kì í ṣe Windows tó wà lókè rẹ̀! Ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn.

Lórí Pro, ẹ má gba Registry nìkan lọ. Bí gpedit bá ṣì di àṣẹ náà mú, yóò kọ ọ́ padà síbẹ̀.

Ará Ìjàpọ̀:
Èyí tí wọ́n tì níbí náà ń bẹ, ẹ̀gbọ́n. Nítorí dátà, àwọn kan máa ń ní kí wọ́n bá àwọn fi àpù tó ń dènà update sí i. Èyí kì í kọ organization. Àṣìṣe 0x80070422 ló máa ń gbé wá, nítorí wọ́n ti pa service rẹ̀, ìyẹn ètò abẹ́lẹ̀ tó ń gbé update ṣiṣẹ́. Ẹ wọ services.msc, ẹ wá Windows Update, ẹ gbé Startup type kúrò ní Disabled sí Manual, ẹ tẹ Apply, kí ẹ tó tẹ Start. Bó bá tún padà sí Disabled, àpù yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ tẹ Enable nínú rẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́, torí yíyọ lásán kì í sábà tú ohun tó ti dì.

Ẹni tí dátà ń dùn kò nílò gbogbo ìyẹn. Kó wọ ibi Wi-Fi rẹ̀, kó tan Metered connection, tàbí kó tẹ Pause, ọ̀sẹ̀ 5 ló pọ̀ jù tó lè fi dá a dúró.

Ẹlẹ́rọ Arákàlẹ̀:
Ó kù Mobile Device Management. Ẹ wo Settings, Accounts, Access work or school. Bí orúkọ iléeṣẹ́ kan bá wà níbẹ̀ tí Disconnect sì gbà, ó lè tán síbẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá fọ́ọ̀mátì, tí ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, tí ojú ewé iléeṣẹ́ tún yọ pé kí ẹ fi íméèlì iṣẹ́ wọlé, Autopilot nìyẹn, ètò Microsoft tí iléeṣẹ́ fi ń di ẹ̀rọ rẹ̀ mú. Nọ́ńbà ara ẹ̀rọ ni wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, iléeṣẹ́ tó ni ín nìkan ló sì lè yọ ọ́. Ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á. Kí ẹ tó sanwó fún òmíràn, ẹ ní kó tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀ (Reset) lójú yín pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wò ó títí tí yóò fi dé desktop.