Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń gbàdúrà ní ọ̀sán ní Iléṣà?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, mi ò lè lọ sí ìṣọ́ òru mọ́. Mò ń dá gbàdúrà nílé, Ọlọ́run sì ń gbọ́, ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ̀ mí. Nígbà tí Pétérù wà lẹ́wọ̀n, ilé ìyá Jòhánù Máàkù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn péjọ sí tí wọ́n ń gbàdúrà. Iléṣà yìí náà, ní Òkè-Oòyè, sì ni ìsọjí ọdún 1930, ti Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá, ti bẹ̀rẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ẹni méjì mẹ́ta tó ń pàdé ní ọ̀sán, ìjọ yòówù kó jẹ́? Tí kò bá sí, ṣé àdúrà àjọgbà lórí fóònù tó?