Owó orí kọ́ ni proix, ajogún sì kọ́ ni epikleros

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lórí bí a ó ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó jẹ mọ́ ìgbéyàwó àti ogún ní ìlú Áténì àtijọ́ sí Yorùbá: kí á pe proix ní owó orí ìyàwó, kí á pe epikleros ní ajogún obìnrin, kí á sì pe kyrios ní baálé. Inú mi dùn pé ilé la ti kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ ká tó yá tìta. Síbẹ̀, méjì àkọ́kọ́ yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Ilé ọkọ ló ń san owó orí fún ilé ìyàwó. Proix ń lọ sódìkejì: bàbá ọmọbìnrin ló ń kó o fún ọkọ, wọ́n á sì ti dá iye lé e níṣojú ẹlẹ́rìí. Ọkọ lè fi ṣòwò, àmọ́ bí ìgbéyàwó bá túká, dandan ni kó dá a padà. Tó bá ń fi falẹ̀, èlé á gorí rẹ̀: òbólì 9 lórí mínà kan lóṣooṣù (owó Gíríìkì ni òbólì, mínà àti dírákímà). Òbólì 600 ló wà nínú mínà, èyí já sí ìdá 18 nínú 100 lọ́dún. Bí ìyàwó bá kú láìbímọ, owó náà padà sílé bàbá rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn mìíràn kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ọkọ á fi oko tàbí ilé dógò, wọ́n á sì ri òkúta mọ́ ibẹ̀. Wọ́n ti rí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Áténì; ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ló wà lára rẹ̀, pé ilẹ̀ yìí jẹ́ ìdógò fún proix obìnrin báyìí, dírákímà báyìí. Ẹni tó bá wá ra oko ti rí i kó tó dúnàá dúrà. Ta ló máa ka èyí lábẹ́ orúkọ "owó orí" tí kò ní dàrú mọ́ ọn lójú?

A tún nílò owó orí níbòmíràn. Hedna, ẹ̀bùn tí ọkọ ìyàwó ń kó wá nínú ewì Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, ló bá a mu. Metoikion sì ń bẹ, owó tí àtìpó ń san fún ìlú lọ́dọọdún: dírákímà 12 fún ọkùnrin, 6 fún obìnrin tó ń dá gbé. Owó orí gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ti san án fún ìjọba gan-an nìyẹn. Àtìpó tí kò bá san án, wọ́n lè tà á lẹ́rú.

Ẹrù ìyàwó náà kò ṣe é lò, nítorí ilé ọkọ ló ń gbé iṣu, iyọ̀ àti oyin wá lóde òní. "Àmúrelé-ọkọ" ni mo dá lábàá. Ó sọ ibi tó ń lọ, kò sì sọ pé ọkọ ló ni ín.

Ti epikleros ló le jù. Bàbá kú, kò fi ọmọkùnrin sílẹ̀. Dúkìá kò bọ́ sọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Òun àti dúkìá jọ ń lọ sọ́dọ̀ ìbátan bàbá rẹ̀ tó súnmọ́ jù ni, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá ló sì máa ń kọ́kọ́ kàn. Ìbátan náà á lọ sọ́dọ̀ archon, aláṣẹ ìlú, láti bèèrè fún un. Òfin tí wọ́n ní Solon, aṣòfin Áténì, ṣe pàṣẹ pé kó máa bá a sùn lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù, torí ọmọkùnrin tí wọ́n bá bí ni yóò gba dúkìá bàbá-àgbà rẹ̀ nígbà tó bá dàgbà, tí yóò sì máa bọ́ ìyá rẹ̀. Tí ọmọbìnrin bá jẹ́ ọmọ tálákà tí ìbátan ò fẹ́ ẹ, ìbátan náà gbọ́dọ̀ fún un ní àmúrelé-ọkọ: dírákímà 500, 300 tàbí 150, bí ọrọ̀ rẹ̀ bá ti tó.

Ajogún wo ló wà níbẹ̀ yẹn? Opó ṣíṣú náà kọ́, torí kò sí ọkọ tó kú. Ẹnìkan ti mẹ́nu ba "arọ̀mógún", ṣùgbọ́n ìyẹn dà bíi pé obìnrin náà ló ń fi ojúkòkòrò so mọ́ ogún. "Abógúnrìn" ni tèmi, a-bá-ogún-rìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á kà á sí ẹni tó ń bá ogun rìn.

Áténì nìkan ni kí á lò ó fún o. Ní ìlú Gortyn ní erékùṣù Kírétè, nínú òfin tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri ní nǹkan bí ọdún 450 ṣáájú ìbí Kristi, patroiokos, orúkọ tí wọ́n ń pe irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, lè kọ ìbátan náà: ilé tó wà nígboro àti ohun inú rẹ̀ di tirẹ̀, yóò gba ìdajì ìyókù, yóò sì fẹ́ ẹlòmíràn nínú ẹ̀yà rẹ̀. Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí Gíríìkì, sọ pé ìdá méjì nínú márùn-ún ilẹ̀ Sparta wà lọ́wọ́ obìnrin. Ní ìlú méjèèjì yìí, ajogún tọ́ sí wọn.

Ní ti kyrios, "alábòójútó" tó. Baálé ń darí agbo ilé; kyrios ń dúró fún obìnrin lábẹ́ òfin, torí obìnrin Áténì kò gbọ́dọ̀ dá ṣe àdéhùn tí owó rẹ̀ ju ti medimnos ọkà báálì kan lọ, bíi líta 52. Opó tí ọmọkùnrin rẹ̀ ti dàgbà, ọmọ náà lè jẹ́ kyrios rẹ̀.